Gbólóhùn Àwọn Oníbàárà Ìyá Mi

Òórùn òwú tí iná jó ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Ìyá mi á ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wa ní Mùṣin, oníbàárà àkọ́kọ́ á ti wà láàárín orúnkún rẹ̀, bí ó bá sì ti kó irun dé ìdí, á ṣá ìṣáná, á fi jó ẹnu òwú dúdú náà kí ó má baà tú. Òórùn yẹn, pẹ̀lú ti ìpara irun àti ti ẹ̀kọ tí àwọn ará ilé ń pò ní ẹ̀yìnkùlé, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi. Màá dìde láìkí ẹnikẹ́ni, màá gbé ẹní kékeré mi, màá sì lọ jókòó sẹ́yìn ìyá mi. Ẹ̀yìn yẹn ni mo ti kọ́ èdè Yorùbá, ó sì hàn nínú bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síwájú onídìrí rí mọ̀ pé ẹnu kì í sinmi níbẹ̀. Irun ṣùkú lè bẹ̀rẹ̀ ní ìyálẹ̀ta kí ó má parí títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí wọ́n sì mú lórí kò lè lọ síbì kankan, àfi kí ó máa sọ̀rọ̀. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ n kò ṣe bí àwọn ọmọ yòókù, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí "màmá" àti "omi", tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà nílẹ̀. Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin, n kò tíì pe ìyá mi ní ohunkóhun. Ìyá mi ń gbààwẹ̀ nítorí mi, èmi sì ń jẹun dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Rẹ̀mí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, bu ẹ̀kọ fún mi nínú ife. Mo fẹnu kàn án. Mo gbé ife náà sílẹ̀, mo wo obìnrin náà lójú, mo sì fi ohùn àgbàlagbà tí wọ́n ti yọ lẹ́nu láti àárọ̀ sọ pé: "Ẹ rọra o, orí lẹ ń fà yẹn, kì í ṣe okùn."

Ìyá Rẹ̀mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ó gbé ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi sunkún ayọ̀, ó ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Wọ́n fún mi ní ẹran. Kò sí ẹni tí ó rántí pé ẹ̀kọ náà ń jó mi lẹ́nu, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń sọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀ lódindi, gbogbo rẹ̀ ní ohùn ẹni tí ó ni ín. "Ẹ rọra o, orí lẹ ń fà yẹn" wà fún ohunkóhun tí ó bá pọ̀ jù: ọṣẹ tí ó wọ ojú, bàtà tí ó fún, ariwo ẹ̀rọ ìlọta. Bí mo bá fẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ lé mi, màá ní, "Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ẹ̀," bí àwọn obìnrin ṣe máa ń sọ bí wọ́n bá gbé dígí dání. Oníbàárà kan sì wà tí kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ iye tí ó fi ń ṣe irun. Bí ó bá ti dìde báyìí, á bojú wo òpópónà, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́." Mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, mo sì mú gbólóhùn náà fún ẹ̀rù. Bí àrá bá sán, bí ajá bá gbó, bí iná bá lọ, èmi ọmọ ọdún mẹ́rin á sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá máa sọ níbẹ̀ pé ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ọ̀wọ̀ pàápàá, bí mo ṣe bá a lára gbólóhùn ni mo ṣe gbé e. Ohun tí oníbàárà sọ fún ìyá mi ní "ẹ" nínú, nítorí náà mo ń fi ọ̀wọ̀ bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí ìyá mi sọ fún ọmọdé kò ní, nítorí náà mo ń pàṣẹ fún àwọn àgbàlagbà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Díákónì ni, ọkùnrin gíga tí òórùn ọṣẹ dúdú kì í kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ dìde lẹ́yìn oúnjẹ, n kò fẹ́ kí ó lọ, mo bá gun àga lẹ́yìn rẹ̀, mo di orí rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, mo sì sọ ohun tí ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí ó ń dì lórí: "Jókòó jẹ́ẹ́. Tí o bá tún mì, màá gbá ẹ létí."

Ìyá mi kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí lábẹ́ àtíbàbà náà. Lójú tèmi, ohùn tí wọ́n fi ń dá ẹni tí wọ́n fẹ́ràn dúró ni. Àmọ́ Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe irun. Ó rọra yọ ọwọ́ mi kúrò lórí ara rẹ̀, ó yíjú, ó sì bi mí pé ta ló kọ́ mi nírú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀: "Ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo oúnjẹ nílẹ̀.

Èèyàn burúkú kọ́ ni bàbá náà. Ó ní ariwo Èkó ló ti kó sí mi lórí, pé ọmọ tí wọ́n bí síbi tí ẹnikẹ́ni kì í sinmi ọ̀rọ̀, àfi kí ọ̀rọ̀ lọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní tí ilé-ìwé bá kọ̀ mí ní oṣù kẹsàn-án, òun yóò wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó òun, ilé tútù, afẹ́fẹ́ tútù, fún ìgbà díẹ̀. Ìyá mi mọ "ìgbà díẹ̀" ilé ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ìbátan bàbá mi kan ti lọ bẹ́ẹ̀ rí fún ìsinmi, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ.

Ni ìyá mi bá ṣán ṣòkòtò, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nípa ọkùnrin, láti kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Ó gbé ife omi sókè ju orí mi lọ. "Sọ pé omi." Mo wò ó. Ó dára lójú mi pé a jọ ń ṣe nǹkan. Mo fi ohùn rẹ̀ gan-an dá a lóhùn: "Sọ pé omi." Ó tún un sọ, mo tún un sọ. Nígbà tí ó yá, ó mu omi náà fúnra rẹ̀, nítorí pé òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rò ó pé abẹ́ àtíbàbà ló ṣokùnfà gbogbo rẹ̀. Ó gbé ẹní mi wọ yàrá, ó sì ń fọwọ́ bò mí lẹ́nu nígbàkúùgbà tí gbólóhùn oníbàárà bá fẹ́ jáde. Mo bá dákẹ́. Ó dàbí ẹni pé wọ́n gba gbogbo ẹrù orí àtẹ mi nítorí pé n kò mọ orúkọ wọn. Ìyá mi, tí ó ti ń gbààwẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀, wá ń tẹ́tí sí ìdákẹ́jẹ́ tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò sì mọ èyí tí ì bá tún gbààwẹ̀ fún.

Bàbá mi ló yí ọ̀rọ̀ náà padà, kì í sì í ṣe pé ó ń wá a. Ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnì ló ń tà ní Ládìpọ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ẹnu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, irin kan já bọ́ lé e ní ìka. Ó wálé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ó ki ìka náà bọ omi iyọ̀, ó ń gé ètè jẹ. Ìyá mi ń wá aṣọ tí yóò fi dì í. Mo jáde, mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, mo sì sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, nítorí pé n kò mọ̀ bóyá wọ́n tún máa bò mí lẹ́nu: "Ó ku ẹyọ kan."

Bàbá mi wò mí. Ó yíjú sí ìyá mi. "Ìgbà wo lo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà ẹ?"

"Ìgbà tó bá ń dùn wọ́n," ìyá mi ní, "tó sì ṣì kù rẹpẹtẹ."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìka rẹ̀ wà nínú omi. "Ó mọ̀ pé ó ń dùn mí. Ó sì ń parọ́ fún mi kí n lè fara dà á. Ìyá Dúpẹ́, kí ló tún kù tí èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣe?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń mu ẹ̀kọ ní ọwọ́ òsì, ó sì sọ̀rọ̀ tí ó gùn jù tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nílé wa. Ó ní ní Ládìpọ̀, odidi ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ló ń ti òkè òkun wọlé. Kò sí ẹni tí ń kó nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi de irin rẹ̀ pọ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú epo àti ìdọ̀tí, àwọn á wá máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ohun tí àwọn bá sì tú lára rẹ̀, á bá ọkọ̀ míì mu. "Odidi lọmọ yìí ń kó ọ̀rọ̀ wọlé," ó ní. "Yé bi í ní nọ́ọ̀tì tí kò tíì tú."

"Ọmọ mi kì í ṣe ẹ́ńjìnì," ìyá mi dá a lóhùn. Àmọ́ nígbà tí Sátidé dé, mo bá ẹní mi lábẹ́ àtíbàbà.

Bí bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú mi nìyẹn. Kò bi mí ní ìbéèrè mọ́. Bí mo bá ní "Ó ku ẹyọ kan", á gbà á lẹ́nu mi bí ẹni gba ọjà, á yí i wò, á sì dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Nídìí àwo ọbẹ̀: "Ó ku ẹran kan." Bí ó bá ń wọ bàtà fún mi: "Ó ku bàtà kan." Ohun tí ó sì rí i pé mo fẹ́, á fi ẹnu tèmi sọ ọ́. Á gbé omi bọ̀, á ní, "Mo fẹ́ mu omi," á sì gbé e fún mi. Ó ní kí gbogbo ilé máa ṣe bẹ́ẹ̀, ilé wa sì kún. Ìyá Rẹ̀mí á ya búrẹ́dì, á ní, "Mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì," ọkọ rẹ̀ á dáhùn láti inú yàrá pé, "Èyí tó o jẹ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?" Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi rí i pé mo ti ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ó sì sọ ọ́ ketekete ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Mo fẹ́ tọ̀." Onílé wa ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀yìnkùlé náà ló wà. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tọrọ àyè."

Gbogbo làálàá yìí, n kò dá èrè kankan padà. Mo jókòó bí ayaba, wọ́n ń sọ̀rọ̀ yí mi ká, mo ń mu omi wọn, mo ń jẹ búrẹ́dì wọn. Bí wọ́n bá bi mí ní ohunkóhun, orí lẹ ń fà yẹn, kì í ṣe okùn. Bàbá mi kàn ń sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá mi ní ẹ̀sọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án kò mọ̀ ọ́n.

Oṣù kẹsàn-án dé, mo ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ náà sì dé. Ìyàwó rẹ̀ ti tẹ́ ibùsùn fún mi. Òun náà ti bá awakọ̀ sọ ọ́ ní ibùdókọ̀ pé ẹni méjì ni yóò padà lọ́la. Ìyá mi kò lè wò ó lójú nígbà tí ó sọ ọ́. Ó di irun mi ní kòlẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì tú u, ó tún un dì, bí ẹni pé orí tí ó dán ló lè gbà mí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú mi lọ sílé-ìwé. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, obìnrin kan tí ó ní ojú tí ó rẹ̀, ní kí n gbé apá mi gba orí kọjá kí n fi ọwọ́ kan etí kejì, bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tí ó tó ilé-ìwé lọ nígbà náà. Bàbá mi gbé apá tirẹ̀ kí n rí i, mo ṣe é, ọwọ́ mi kàn án. Títí dé ibẹ̀, ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí. Obìnrin náà wá béèrè pé, "Kí lorúkọ ẹ?"

"Kí lorúkọ ẹ?" mo ní.

Ó rò pé òun ni mò ń bi. "Èmi ni ọ̀gá ibí," ó ní, ó sì tún béèrè. Mo rí i pé ó yẹ kí n ṣe ohun tí ó dára fún un. Mo wo orí rẹ̀. Mo sì kí i bí ìyá mi ṣe ń kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀: "Irun yìí mà ti pẹ́ lórí, ẹ jẹ́ ká bá yín tú u."

Ìyá mi wolẹ̀. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ kan ìpàkọ́ ara rẹ̀. "Ó ti pẹ́ lóòótọ́," ó ní, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀ síta.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dìde. Kò bínú. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ti rí i fúnra yín. Dúpẹ́, ó yá." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Bẹ́ńṣì pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbà jókòó sí. Mo mọ ibi tí wọ́n ń mú mi lọ. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò gbọ́. Mo ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ibùsùn àti awakọ̀. Mo wá inú ẹrù ọ̀rọ̀ mi, n kò rí gbólóhùn kan tí ó bá a mu. Kò sí oníbàárà kankan tí wọ́n ti fà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ rí lábẹ́ àtíbàbà wa. N kò lè júwe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú orí mi, àfi pé nǹkan méjì bọ́ kúrò níbi tí wọ́n wà, ọ̀kan lẹ́nu bàbá mi, ọ̀kan lẹ́nu ìyá mi, wọ́n sì so mọ́ra wọn.

"Mo fẹ́ jókòó," mo ní.

Ọ̀gá àgbà fọwọ́ júwe bẹ́ńṣì náà. "Jókòó, nígbà náà."

"Mà," Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "ọmọ yìí ò tíì dáhùn orúkọ ẹ̀."

"Bàbá, ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀ yẹn. Gbogbo wọn ló mọ orúkọ wọn, àtàárọ̀ ni wọ́n sì ti ń sunkún pé ilé làwọn ń lọ. Èyí tó fẹ́ jókòó ni mò ń wá."

Bí mo ṣe wọ ilé-ìwé nìyẹn. Gbólóhùn tí ó tóbi jù tí mo sọ láyé mi, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Bàbá mi nìkan ló mọ̀. Ó wúkọ́, ó jáde lọ dúró sí ìta fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí a sì délé, ó sọ fún ìyá mi pé nọ́ọ̀tì kan ti tú. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe iṣẹ́ ìrònú tirẹ̀ ní àṣálẹ́ yẹn. Ó pè mí, ó wò mí títí, ó wá bi bàbá mi pé, "Nígbà tó di orí mi mú lọ́jọ́sí, àbí dúró tì mí ló ń sọ?" Bàbá mi ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì wá fún ọjọ́ kan sí i, lẹ́yìn náà òun nìkan ló bá awakọ̀ náà padà.

Àwọn yòókù ń tú díẹ̀díẹ̀. Kí n tó kúrò ní àlàkọ́bẹ̀rẹ̀, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí gbogbo ọmọ, mo sì ti mọ ẹni tí a ń pè ní "ẹ". Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, èdè Yorùbá ni mo ti gba máàkì tí ó dára jù. Ìyá mi ní àwọn oníbàárà òun ló yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún.

Ní báyìí, kọ́tìnnì ni mò ń rán ní Tẹ́júoṣó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú èdè yìí ti di tèmi, n kì í sì í lò ó. Àwọn tí a jọ ń tajà ní àwọn kò mọ̀ bóyá inú mi dùn tàbí kò dùn, àfi bí mo bá ń gé aṣọ. Ọmọbìnrin mi ń gbé ní Sùúrùlérè, ó ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan, Ìṣọ̀lá, tí kì í sọ ohunkóhun bí kò ṣe gbólóhùn gígùn gígùn láti inú eré àwòrán orí fóònù, ní ohùn imú àwọn ará òkè òkun. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ mi wá jókòó, ó rọra ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń kọ́ arúgbó ní fóònù, pé àwọn ọmọ kan wà tí ó jẹ́ pé odindi gbólóhùn ni wọ́n ń kọ́ kọ́kọ́, pé kí a má bẹ̀rù, pé kí a má fi ìbéèrè dà á láàmú. Mo ní hẹn-ẹn. Ó bi mí bóyá ó yé mi.

Ẹ ó rò pé èmi ni olùkọ́ tí ọmọ náà ń wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo na aṣọ síwájú rẹ̀. Kí ni èyí? Àwọ̀ wo ni? Ta ni mí? Ó kó sábẹ́ tábìlì ìránṣọ, kò sì jáde títí ìyá rẹ̀ fi dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wà lọ́dọ̀ mi nílé nígbà tí òjò ṣú. Afẹ́fẹ́ ń gbé ilẹ̀kùn gbá ògiri, mo sì ń sáré kó aṣọ tí mo sá. Ó wá fara mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó sọ gbólóhùn òyìnbó kan tí ó túmọ̀ sí pé gbogbo wa ti wọlé tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi, gbogbo wa ti wọlé. Ó tún un sọ, omi ti lé sí i lójú. Mo ní a ti wọlé, wò ó, èmi nìyí. Ó tún un sọ, ó di aṣọ mi mú gírígírí.

Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti sọ ọ́.

"Eré ehoro kan ni, Màámi. Ìjì ń bọ̀, ìyá wọn kó gbogbo wọn wọlé. Ìgbà tó ti ilẹ̀kùn tán ló sọ ọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, n kì bá tí béèrè. N kò ní ju ẹ̀kúnwọ́ gbólóhùn kan lọ nígbà náà, mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń dùn ni. Màmá àgbà yìí, tí ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀, ní láti fi fóònù wádìí pé ẹ̀rù ń ba ọmọ. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo lọ ti ilẹ̀kùn, mo ti irin ìlẹ̀kùn náà bọ ihò rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Mo padà wá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ojú rẹ̀, mo sì fi imú sọ gbólóhùn òyìnbó náà bí mo ṣe lè sọ ọ́, tí kò dára rárá: gbogbo wa ti wọlé tán.

Ó nu ojú. Ó fara balẹ̀ wò mí, tàánútàánú, bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì tún un sọ fún mi ní jẹ́jẹ́, kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.